Bí A Ṣe Ń Gba Epo Ọkọ̀ Ojú Omi fún Àyẹ̀wò

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Àpápá láti gba epo, ibi tí rọ́bà epo ti so mọ́ ọkọ̀ náà gan-an ni kí ẹ ti gba èyí tí ẹ óò yẹ̀ wò, kì í ṣe láti inú ọkọ̀ tí ó gbé epo wá. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń gba epo àyẹ̀wò níbẹ̀ díẹ̀, kí epo máa kán tó, tó, tó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, nítorí pé èyí tí a bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ òtítọ́ nípa gbogbo epo tí ó wọlé. Ìkánjú kò sì dára níbí, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó.

Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ pín in sínú ìgò, kí ẹ sì fi èdìdì dì í. Oṣù 12 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìgò tirẹ̀, ó kéré tán. Láti ọdún 2020, imí ọjọ́ inú epo kò gbọdọ̀ ju 0.50% lọ, àfi bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín.

Bí ó bá jẹ́ dísù, ẹ gbé ìgò kan kalẹ̀ jẹ́ẹ́: omi tí ó bá wà níbẹ̀ yóò rọ̀ sísàlẹ̀.