Bí a ṣe ń ya Ford Mustang 1965 gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìdíje rálì

Ní ọdún 1964, Mustang ló gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí àwọn mọ́tò touring (mọ́tò ojoojúmọ́ tí wọ́n tún ṣe fún ìdíje) nínú ìdíje mọ́tò Tour de France, nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya mọ́tò alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí bí ọkọ̀ rálì (ìdíje tí mọ́tò ń sá lórí ọ̀nà òkúta, ẹrẹ̀ tàbí ọ̀dà) kò lé ohun tí kò ṣeé ṣe. Ohun tí ó ń ba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ayàwòrán á kó iná sí iwájú rẹ̀, kò sì ní bi ara rẹ̀ bóyá mọ́tò náà lè sáré lórí òkúta.

Ẹ wá fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 274. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí àlàfo yìí lè jẹ́ 13.7 lórí bébà, sẹ̀ǹtímítà kan yóò sì dúró fún 20. Ẹ fi bébà tí a lè rí òdì kejì rẹ̀ bò ó. Bí ti àwọn ayàwòrán bá wọ́n jù, èyí tí àwọn oníkéèkì fi ń tẹ́ inú páànù ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Pẹ́ńsù 2B ni kí ẹ lò, ẹ má sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí gbogbo ìlà yóò fi pé.

Gíga mọ́tò ni ibi tí ó le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kàn gbé ara mọ́tò sókè, wọn a fi táyà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọn a sì rò pé òkúta kò ní kan abẹ́ rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pá irin kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn Mustang méjèèjì pọ̀, ilé jíà ẹ̀yìn sì wà láàárín rẹ̀. Bó ti wù kí ẹ gbé ara mọ́tò ga tó, ilé jíà náà kò ní kúrò níbi tí ó wà, nítorí pé táyà nìkan ló ń gbé e kúrò nílẹ̀. Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Táyà 195/70 R15 ga tó sẹ̀ǹtímítà 65, ìyẹn nǹkan bí 3.3 lórí bébà. Ẹ fi kọ́ńpáàsì yí i, tàbí ìdérí ìgò tí ó bá ìwọ̀n náà mu. Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbé ara mọ́tò sókè díẹ̀, kí ẹ sì gé etí fẹ́ńdà, kí àyè lè wà fún táyà láti fò sókè nígbà tí ó bá bọ́ sí kòtò.

Ẹ má ṣe fi rímù ńlá sí i, bó ti wù kí ó wuyì tó. Àwọn ọkọ̀ rálì àgbáyé pàápàá, rímù ínǹṣì 15 ni wọ́n ń lò lórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi 18 sílẹ̀ fún ọ̀nà ọ̀dà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó ga ló ń gba ìyà òkúta kí rímù má baà fọ́.

Ìyókù kò ṣòro: iná mẹ́rin níwájú, irin pẹrẹsẹ tí yóò dáàbò bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì V8, páìpù irin nínú ọkọ̀ tí yóò dáàbò bo awakọ̀ bí mọ́tò bá dojú dé, àti rọ́bà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrẹ̀ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn táyà, kí ẹ fà á lọ sí ìdí mọ́tò, kí ó sì máa fúyẹ́ bí ó ti ń gòkè dé fèrèsé.