Ojú wọn mọ́ àmọ́ wọn ò rí ọbẹ̀: bí mo ṣe kọ́ àwọn físíò l'Ádó láti yẹ ojú aláìsàn wò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí tipẹ́ pé màá kọ bí tíréníìn tá a ṣe l'Ádó-Èkìtì ṣe lọ, ẹ má bínú pé ó pẹ́. OT (occupational therapist) ni mí, àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú àtàwọn tó já lórí ọ̀kadà tí wọ́n forí gbálẹ̀ ni mo sábà máa ń bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè tún máa wẹ̀, kí wọ́n máa wọṣọ, kí wọ́n máa jẹun fúnra wọn.

Bàbá kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo lọ wò wọ́n nílé, lápá Ìkéré lọ́hùn-ún, rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọn. Ìyàwó wọn gbé iyán wá, wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ sápá òsì iyán yẹn. Bàbá fọwọ́ ọ̀tún bu iyán, wọ́n wá dá ọwọ́ dúró, wọ́n ní "Ṣé iyán lásán ni kí n máa jẹ ni?" Mọ̀mí ní "Dádì, ọbẹ̀ rèé níwájú yín." Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òkè, wọn ò wo òsì rárá, inú ti ń bí wọn. Mo bá fi ìka kan rọra ti abọ́ ọbẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó kọjá àárín tábìlì sápá ọ̀tún báyìí ni bàbá ní "Ẹ̀hẹ́n, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e wá nìyẹn." Omi bọ́ lójú mọ̀mí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi rò pé ọkọ àwọn kàn ń wá ìjà ni.

Wọ́n sì ti lọ ọsibítù o. Wọ́n ní kí bàbá ka ṣáàtì ara ògiri, wọ́n kà á dópin, wọ́n ní ojú wọn ò níṣòro. Lóòótọ́ ojú yẹn mọ́, ọpọlọ ni ò ka apá òsì sí mọ́. Físíò (physiotherapist, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) tó ń lọ bá wọn nílé, ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa, ti sọ fún wọn pé bàbá ò fọkàn sí i ló ṣe ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Mo bi í bóyá ó ti yẹ ìríran wọn wò rí, ó ní ẹnikẹ́ni ò kọ́ òun. Mi ò lè bá a wí, torí nígbà témi náà wà nílé ìwé, lẹ́kíṣọ̀ kan péré ni wọ́n fi ṣe é.

Mo bá kó èèyàn 14 jọ, físíò 12, OT 2, láti Adó, Ìdó, Ìjerò, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ́lé. A yá kíláàsì kan ní Bàsírì fún Sátidé méjì. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ optometrist, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ojú wò tó sì ń kọ dígí fúnni, kó bá wa jókòó, torí pé iṣẹ́ tiwa ni ká rí i pé nǹkan ń ṣe, ká sì kọ́ aláìsàn bó ṣe máa gbélé ayé ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ dígí àti prism (dígí tó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà), tòun ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a dù ú.

Mi ò fi lẹ́kíṣọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ra gọ́gùlù funfun táwọn oníṣẹ́ irin máa ń lò, mo fi téèpù dúdú lẹ ìdajì òsì ojú kọ̀ọ̀kan, mo ní kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́, kí wọ́n rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kí wọ́n ṣa ẹ̀pà tí mo dà sínú tírè, kí wọ́n wá ka Sáàmù 23 sókè. Wọ́n ń ka ìlà kan tán, wọn ò mọ ibi tí ìlà kejì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pà apá òsì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wọn tó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ gbá èjìká mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ gọ́gùlù, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní "Mo ti bú èèyàn lórí èyí rí." Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. (Mo ṣàlàyé fún wọn ṣá pé gọ́gùlù ò dà bí ti gidi tán, torí téèpù dúró sójú kan, ojú lè yọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àmọ́ ti aláìsàn, ibi tí ojú bá yí sí ni òkùnkùn yẹn ń bá a lọ.)

Ìgbà náà ni mo tó wá ya ọpọlọ sójú bọ́ọ̀dù. Ohun tó wà lápá òsì wa, ojú méjèèjì ló ń rí i, àmọ́ ọpọlọ apá ọ̀tún ló ń gbé e lọ, ìparí ìrìn ẹ̀ sì wà lẹ́yìn orí. Dókítà ojú ará Jàpáàní kan, Tatsuji Inouye, ló yẹ àwọn sójà tí ọta ìbọn gba orí wọn kọjá nígbà ogun Rọ́ṣíà àti Jàpáàní ní 1904 sí 1905 wò, tó sì fi mọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ẹ̀yìn orí ti ń ríran, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1909. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí aláìsàn bá ní "ojú òsì mi ò ríran", ẹ má tíì gbà, ẹ bò ó lójú kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún bo ìkejì. Tó bá jẹ́ ìdajì òsì ojú méjèèjì ló lọ, hemianopia nìyẹn.

Yíyẹ̀wò gan-an ò gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìbéèrè la kọ́kọ́ bi: ṣé Bíbélì kíkà ń fa orí fífọ́, ṣé nǹkan ń di méjì, ṣé oòrùn ń gún ojú jù, ṣé dígí tó ń lò tẹ́lẹ̀ fọ́ nígbà àsídẹ̀ǹtì náà, torí ìyẹn pọ̀ gan-an táwọn èèyàn kì í sì í bèèrè. Lẹ́yìn náà ṣáàtì ní mítà 6, ojú kọ̀ọ̀kan, onílẹ́tà E tó ń yí kiri fẹ́ni tí ò kàwé, ìka lásán ló fi máa tọ́ka. Mú bíírò, yà á bíi lẹ́tà H níwájú ẹ̀, wò ó bóyá ojú méjèèjì jọ ń tẹ̀ lé e. Gbé bíírò bọ̀ wá sí ìdí imú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti di méjì kó tó dé nǹkan bí sẹ̀ntímítà 10, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni ti ìka. O jókòó dojú kọ ọ́, ní nǹkan bíi mítà kan, o bo ojú kan, òun náà bo èyí tó kọjú sí i, ó ń wo imú rẹ, o wá ń ṣí ìka síbí síbí. Àwọn èèyàn mi ń wo ìka tara wọn! Ojú aláìsàn ni kẹ́ ẹ máa wò, torí ní kété tó bá ti yọ́ wo ìka yẹn, tẹ́ẹ̀sì ti bàjẹ́. Àárín ìyẹn ni iná lọ, kíláàsì ṣókùnkùn, a sì gbé gbogbo àga jáde síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ la ti parí ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tún dáa jù.

Èyí tí mo lo àkókò lé lórí jù ni ìyàtọ̀ hemianopia àti neglect. Ẹni tó ní hemianopia, ojú ẹ̀ ni ò débẹ̀, tó o bá ní "Ẹ wo òsì yín sà", á yí orí, á wá a. Ẹni tó ní neglect, ọkàn ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òsì wà. Ní kó fagi lé gbogbo ìràwọ̀ tó wà lójú pépà, apá ọ̀tún nìkan ló máa fagi lé, á gbé bíírò sílẹ̀, á ní òun ti ṣe tán. Ní kó fi àmì sáàárín ìlà gígùn kan, ọ̀tún ni àmì máa bọ́ sí. Ẹ sì gbé ìka tó wà lápá òsì aláìsàn nìkan sókè, ó lè rí i, ẹ gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tọ̀tún nìkan ló máa sọ. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé méjèèjì ló ń bá wọn jà.

Sátidé kejì, aláìsàn mẹ́ta gbà láti wá. A ò tan wọ́n jẹ pé ìríran tó lọ ń bọ̀ wá. Ohun tá a kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa wá nǹkan: téèpù pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ìwé, ojú ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun láìjẹ́ pé ó ti kan pupa yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin tó já lórí ọ̀kadà ń rí nǹkan ní méjì, tó bá bo ojú kan, ó di ẹyọ kan. Wọ́n ti so nǹkan bò ó lójú pátápátá látilé, optometrist wa yọ ọ́, ó lẹ sẹ́lótéèpù kékeré tó rí fúrúfúrú sójú kan dígí ẹ̀, níbi tí ìríran méjì yẹn wà nìkan, kó lè máa fi ẹ̀gbẹ́ ríran rìn. A fi okùn onílẹ̀kẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Brock string kọ́ wọn bí ojú méjèèjì ṣe ń pàdé. Mo sì sọ ọ́ lásọtúnsọ pé tí ìríran méjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójijì, tàbí ìpéǹpéjú kan wálẹ̀, tàbí ọmọlójú kan (ibi dúdú tó wà láàárín ojú) fẹ̀ ju ìkejì lọ, kì í ṣe eré ìdárayá ló kàn, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Nínú àwọn 14 yẹn, èèyàn 9 ti fi pépà àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mẹ́rin gbàgbé láti bo ojú kan, mo ní kí wọ́n padà lọ tún un ṣe, wọ́n sì lọ.

Mo ti padà dé ọ̀dọ̀ bàbá. Téèpù pupa wà létí tábìlì wọn lápá òsì, mọ̀mí kì í gbé ọbẹ̀ wá sọ́tùn-ún mọ́ láti bá wọn dẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn máa ń ní "Dádì, pupa dà?" Bàbá á yí orí, á yí i, á yí i, títí wọ́n á fi kan téèpù yẹn, ọbẹ̀ rèé. Alẹ́ ló ṣì ń ṣòro, tó bá ti rẹ̀ wọ́n wọ́n máa ń gbàgbé.