Mo dín PTBP1 kù, àmọ́ exon mi ò yí padà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí RNA tí sẹ́ẹ̀lì dà kọ láti ara jíìnì tó wúlò, wọ́n gbọ́dọ̀ gé intron, ìyẹn àwọn apá tí wọn ò nílò, kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì so àwọn exon, ìyẹn àwọn apá tó ṣẹ́ kù, pọ̀. Iṣẹ́ yìí là ń pè ní splicing. PTBP1 wà lára àwọn pùrótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ RNA láti pinnu exon tó máa wọlé àti èyí tí wọ́n máa fò. Ibi tí lẹ́tà RNA tó ń jẹ́ C àti U bá pọ̀ sí, bíi UCUU, ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Mo fi siRNA, ìyẹn RNA kúkúrú tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ba mRNA jíìnì kan jẹ́, dín PTBP1 kù nínú HeLa, sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń tọ́ ní láàbù. mRNA rẹ̀, ìyẹn RNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti ṣe pùrótéènì, lọ sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ exon N1 ti jíìnì SRC, tí wọ́n ní PTBP1 ló ń dènà rẹ̀, ò wọlé. Ṣé kì í ṣe PTBP1 ló ń dènà rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo pùrótéènì fúnra rẹ̀. mRNA lè ti lọ, kí pùrótéènì tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ṣì wà digbí. Ẹ ṣe western blot, àyẹ̀wò tó ń fi iye pùrótéènì hàn, ní wákàtí 48 àti 72 lẹ́yìn tí ẹ fi siRNA sí i.

Bó bá ti lọ lóòótọ́, ẹ wá PTBP2 lọ, ìyẹn pùrótéènì tó jọ PTBP1 tó sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ju iṣẹ́ gidi nù, ó sì máa ń dùn mí. PTBP1 ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì fo exon 10 nínú RNA PTBP2. Lẹ́tà 34 ni exon yẹn ní, mẹ́ta-mẹ́ta sì ni wọ́n ń ka lẹ́tà RNA. 34 ò ṣeé pín sí mẹ́ta, nítorí náà bí wọ́n bá fò ó, kíkà á ṣìnà, àmì ìdúró á yọ láìtọ́jọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì ba RNA náà jẹ́. Nígbà tí ẹ mú PTBP1 kúrò, exon 10 wọlé, PTBP2 sì pọ̀ sí i. Wọ́n dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó jọ kọ́ iṣẹ́ kan náà: ẹ̀gbọ́n ò wá sí ṣọ́ọ̀bù, àbúrò gbé irinṣẹ́. Ẹ dín àwọn méjèèjì kù pọ̀, kí ẹ sì tún dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù lọ́tọ̀. Exon 10 yẹn gan-an lẹ máa fi mọ̀ bóyá siRNA yín ṣiṣẹ́: bí kò bá yí, ẹ má wulẹ̀ wo N1 rárá.

N1 tún nílò olùrànlọ́wọ́. Àwọn pùrótéènì Rbfox ń lẹ̀ mọ́ UGCAUG nínú intron tó tẹ̀lé e, kí ó lè wọlé. Kíkúrò adènà nìkan lè má tó. Ẹ lè dán an wò nínú sẹ́ẹ̀lì N2a, tó jọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àmọ́ ti eku ni wọ́n, nítorí náà siRNA tó bá ti eku mu ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Ìlà kan péré ni mò ń rí fún N1 lórí jẹ́ẹ̀lì agarose.

Ìdáhùn: Lẹ́tà 18 péré ni N1. Ẹ lo jẹ́ẹ̀lì polyacrylamide, tó ń ya ìyàtọ̀ kékeré sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi primer, ìyẹn DNA kúkúrú tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀, sínú exon méjèèjì tó yí i ká, kí ohun tí PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA púpọ̀, máa mú jáde kúrú. Bí ìlà kẹta bá yọ lókè àwọn méjì yòókù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ okùn ẹ̀dà gígùn ló so mọ́ ti kúkúrú. Ẹ dín iye ìyípo PCR kù.

Ìbéèrè: Nínú sẹ́ẹ̀lì tí mi ò fọwọ́ kàn, ẹ̀dà PTBP2 tí kò ní exon 10 ò hàn tó bí mo ṣe rò. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Wọ́n ti ń bà á jẹ́ kí ẹ tó kó RNA. Ẹ fi cycloheximide sí sẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mélòó kan ṣáájú. Ó ń dá kíka RNA dúró, láìsí kíkà yẹn sẹ́ẹ̀lì ò ní mọ èyí tó yẹ kó bà jẹ́.

Ìbéèrè: Exon mi ti wá yí padà. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé PTBP1 ló ń darí rẹ̀ tààrà?

Ìdáhùn: Ó kù díẹ̀. Ẹ fi CLIP, tó ń fi ìtànṣán UV so pùrótéènì pọ̀ mọ́ RNA, wò ó bóyá PTBP1 wà nítòsí exon náà. Ẹ tún kọ́ minigene, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì kékeré tó ní exon náà àti àyíká rẹ̀, kí ẹ yí àwọn UCUU ibẹ̀ padà. Bí exon bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan PTBP1, ẹ lè kọ ọ́.