Bó o ṣe máa wọn stress àtàwọn nǹkan míì tójú ò rí nínú pírójẹ́ẹ̀tì sáíkọ́lọ́jì

Àkòrí tí wọ́n máa ń gbé wá ò ju báyìí lọ: "Ipa stress lórí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́." Súfáísọ̀ á ní stress wo? Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Stress náà ni mà, gbogbo èèyàn ṣáà mọ̀ ọ́n." Wọ́n á ní kó gbé e padà lọ, torí ẹnì kan wà tí stress kì í jẹ́ kó sùn, ẹlòmíì orí ló máa ń fọ́ ọ, ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ti le ló máa ń jẹun ṣáá, èwo wá lo fẹ́ kà nínú gbogbo ẹ̀?

Kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà tì ná, lọ gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkàn fò lókè lásán, ara la máa ń gbé e lé: àyà mi ń já, orí mi kún, oorun dá lójú mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe gbọ́ ọ. Ohun tó bá ti hàn lára tàbí tó jáde lẹ́nu, èèyàn lè kà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo, ibí yìí gan-an ni mo máa ń bá wọn jà sí jù. Ní 1967, àwọn dókítà méjì kan, Holmes àti Rahe, to ohun 43 tó lè ṣẹlẹ̀ séèyàn, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: kí ọkọ tàbí ìyàwó kú jẹ́ 100, ìkọ̀sílẹ̀ 73, ìgbéyàwó 50. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéyàwó, ẹni tó bá ti sáré aṣọ ẹbí àti kánópì rí ò ní jiyàn. Lójú tiwọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni stress. Nígbà tó di 1983, Sheldon Cohen tó jẹ́ onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbà á gba ibòmíì, wọ́n ní bó ṣe rí lójú ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ṣe pàtàkì, wọ́n wá ń béèrè pé láàárín oṣù kan tó kọjá, báwo ló ṣe máa ń ṣe ẹ́ tó bíi pé apá ẹ ò ká ọ̀rọ̀ ayé ẹ mọ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní bi ẹ́ ní nǹkan kan, itọ́ ẹ ni wọ́n máa gbà lọ wọn cortisol, èròjà kan tára máa ń tú jáde tí stress bá dé, ìyẹn sì máa ń pọ̀ láàárọ̀ kó tó máa wálẹ̀ títí dalẹ́, tó o bá gba ti ẹnì kan ní aago méje àárọ̀, ti ẹnìkejì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago lo wọ̀n yẹn o. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ stress, wọn ò sì jọra.

Gbólóhùn tó o máa kọ á wá rí báyìí: "Nínú iṣẹ́ yìí, stress ni àròpọ̀ máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ní nínú ìbéèrè 10 ti Cohen, láti 0 dé 40, tí wọ́n dáhùn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò." Gbé e fún ẹni tí ò mọ ohun tó wà nínú ẹ. Bó bá ṣì ní láti pè ẹ́ lórí fóònù kó tó lè ṣe é, o ò tíì kọ ọ́ dáadáa.

Tó bá jẹ́ ìwà lo fẹ́ fojú wò, ti Bandura, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọdé 72 ni wọ́n lò ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà jáde ní 1961, ìwà jàgídíjàgan ni wọ́n ń wá, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé "ọmọ yìí burú." Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé e sí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, ó jẹ́ 240, wọ́n wá ń kọ ọ́: ó gbá bèbí ńlá tí wọ́n gbé síbẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó jókòó lé e, ó fi òòlù lù ú. Ẹlòmíì tún dá wo ìdajì àwọn ọmọ náà lọ́tọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun kan náà lojú méjèèjì rí.

Ká padà sí ìbéèrè 10 ti Cohen yẹn. Máàkì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rárá, dé 4, ìyẹn ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Mẹ́rin wà nínú ẹ̀ tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, irú bíi kí wọ́n bi ẹ́ bóyá nǹkan ń lọ bó o ṣe fẹ́. Ẹni tó bá mú 4 níbẹ̀, ara tù ú ni, torí náà yọ máàkì ẹ̀ kúrò nínú 4, 4 á di 0, 3 á di 1. Mo gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wá kó jọ sáàárín gbùngbùn, kò sẹ́ni tí stress bá, kò sẹ́ni tára tù, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá mi kí n tó rí ohun tí mo ṣe.

Tó o bá máa tú àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá, kí ẹnì kan tú u, kí ẹlòmíì tí ò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rárá tú u padà, kó o fi wọ́n wéra. Síbẹ̀, gbé e lọ bá èèyàn bíi mẹ́wàá ná kó o tó lọ tẹ igba jáde. "Wàhálà" lèmi fi rọ́pò stress. Mo bi ìyá kan tó ń ta tòmátì pé ṣé wọ́n ní wàhálà lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà o, ta ló rán ẹ wá?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo yí i sí pé, "Mà, báwo lọkàn yín kì í ṣe é balẹ̀ tó lóṣù tó kọjá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ló balẹ̀?"

Mo kọ 4.