Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìbísí láìsí akọ àti abo: ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèbù

Nígbà tí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ tí a sì rì í mọ́lẹ̀, kì í ṣe kóró ni a gbìn. Ara ìyá ẹ̀gẹ́ náà gan-an ni. Akọ kò pàdé abo. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lójú igi yẹn, ìyẹn ibi tí ọmọ ti ń yọ, ni ó ń pín sí méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, títí tí yóò fi ta gbòǹgbò tí yóò sì yọ ewé, nítorí náà bí ìyá ti rí ni ọmọ yóò rí, àti ire àti ibi. Ibi tí a ti gbàgbé èyí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni gígé igi lára ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ti ká kò, tí àwọ̀ ìyeyè sì ti dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé lójú rẹ̀. Àrùn mósáíìkì nìyẹn. Lóòótọ́, eṣinṣin funfun a máa gbé e kiri, ṣùgbọ́n inú igi tí a gé ni ó ti ń bá wa dé oko tuntun, kò sì sí oògùn tí a lè fọ́n tí yóò wò ó sàn. Èmi náà ti gba ìdì igi kan rí láì wo ewé ìyá rẹ̀. Kí oṣù kejì tó pé, ewé tuntun ti ń jáde ní wíwọ́, bí ìka ọwọ́ tí ó ká. Ẹ lọ wo oko tí ẹ ti fẹ́ gé igi fúnra yín kí ewé ibẹ̀ tó já.

Ẹ má ṣe dorí igi kodò, nítorí kì í tètè hù. Ẹ wo àpá ibi tí ewé ti já: òkè àpá yẹn ni ojú igi máa ń wà. Igi tí ó ti tó oṣù 8 sí 12, tí a gé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25, tí ó ní ojú 5 sí 7, ni ó dára.

Ẹ má sì ṣe fi irú kan ṣoṣo kún gbogbo ilẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Gros Michel, tí wọ́n ń fi ọmọ rẹ̀ gbìn ní Àárín Amẹ́ríkà, jọra délẹ̀délẹ̀, nítorí náà nígbà tí àrùn Panama gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò rẹ̀, kò sí èyí tí ó lè dúró, àwọn olóko sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ sí irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn tí à ń pè ní Cavendish.

Ní ti iṣu, èèbù tí a bó èèpo rẹ̀ tán kò lè hù, nítorí abẹ́ èèpo ni ọmọ ti ń yọ. Kí a tó sin ín sínú ebè, kí a fi eérú pa ojú ibi tí a gé, kí a sì tẹ́ ẹ sí ibòji títí yóò fi gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹrà.