Bí a ṣe ń fi tírákítọ̀ fọ́n ajílẹ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fi pé délé

Ìgbẹ́ adìyẹ kì í wọ́n ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀dà títí dé Ìlárá-Mọ̀kín, inú wọn a sì máa dùn sí ẹni tó bá máa bá wọn kó o kúrò. Ẹni tí oko rẹ̀ bá ti kọjá hẹ́kítà kan tàbí méjì kò lè fi ṣọ́bìrì àti agbọ̀n fọ́n ọn tán. Ẹ̀rọ tí tírákítọ̀ ń fà ló máa ràn án lọ́wọ́: àpótí onírin lórí táyà méjì, ṣéènì nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fa ẹrù lọ sẹ́yìn, àti ọ̀pá eléyín tó ń yí lẹ́yìn, tó ń fọ́ ajílẹ̀ náà tó sì ń tú u ká.

Wíwà á kò le. Ọ̀pá PTO tó ń yí, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì tírákítọ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, ló ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe, àti ìkánjú ẹni tó fẹ́ tú ẹ̀rọ tó há. Ibi méjì yẹn la máa pẹ́ sí. Ìyókù, dírẹ́bà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ.

Kí ajílẹ̀ tó wọ ẹ̀rọ

Ìgbẹ́ tútù máa ń jó irúgbìn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ṣéènì bí ẹ̀bà. Ẹ kó o jọ, ẹ fi tápólì bò ó, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ sì máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi eérún pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló dára jù fún ẹ̀rọ yìí. Èyí tó ti abẹ́ kéèjì wá máa ń lómi jù, ẹ da eérún pákó mọ́ ọn. Àwọn tó ń la pákó ní ìlú wa kì í tà á wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bí omi bá ń kán, kò tíì tó. Bí ó bá dì, tó sì tú nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ó ti tó. Ẹ fi nǹkan bo imú o, òórùn rẹ̀ máa ń ta ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ ṣa á kí ẹ tó kó o. Òkúta àti àfọ́kù sìmẹ́ǹtì tó ṣí láti ilẹ̀ ilé adìyẹ ló máa ń ṣẹ́ eyín ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àpò oúnjẹ adìyẹ ló burú jù. Okùn ọ̀rá inú rẹ̀ á wé mọ́ ọ̀pá eléyín títí yóò fi dúró, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, ẹ ṣa òun náà kúrò.

Síso ó mọ́ tírákítọ̀

Irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn tírákítọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, ẹ má so ó mọ́ ibi tọ́ọ̀pù líǹkì, ìyẹn irin òkè tó wà lẹ́yìn tírákítọ̀, láéláé. Bí ẹrù bá ń fa tírákítọ̀ láti òkè bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, ó sì lè dà sẹ́yìn lé dírẹ́bà lórí. Pínnì gidi tó ní ìdè ni kí ẹ lò. Irin ọ̀pá tí wọ́n ń lò fún kọnkéré kì í ṣe pínnì, bó ti wù kó nípọn tó, nítorí kò sí ohun tó dì í mú tí kò fi ní yọ jáde lójú gọ́tà.

Ó wá kan ọ̀pá PTO. Ìgbà 540 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Etí aṣọ tó bá kọ́ ọ ti wé kí olúwarẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan fà á. Nítorí náà kò sí bùbá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sí ìró, kò sí ìborùn, kò sí fìlà olókùn. Ẹ ti ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò, kí ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.

Ike tó bo ọ̀pá náà ṣe pàtàkì ju ọ̀pá fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn máa ń bọ́ ọ dànù torí pé ó dí wọn lọ́wọ́ láti fi gíríìsì sí i, wọ́n á ní àwọn á dá a padà tó bá yá. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ọwọ́ yí ike náà. Bí ó bá yí wẹ́rẹ́ lára ọ̀pá, ó dára. Bí ó bá há mọ́ ọ̀pá, ó máa bá a yí nígbà iṣẹ́, kò sì yàtọ̀ sí pé kò sí ike rárá. Ṣéènì kékeré tó wà létí rẹ̀ ni wọ́n fi ń so ó kí ó má baà yí, ẹ so ó. Àwọn kan máa ń gé páìpù omi wọ̀ ọ́ dípò. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi ṣe èrè nìyẹn, ṣùgbọ́n páìpù kò ní ohun tó máa dúró lé, òun náà á bá ọ̀pá yí. Ẹ ra ojúlówó.

Páìpù méjì ló wọnú ara wọn nínú ọ̀pá yẹn. Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn wọn gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn nígbà iṣẹ́. Bí ó bá kúrú, ó máa yọ lójijì, á sì máa fò kiri. Bí ó bá gùn jù, nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ọwọ́ gan-an, á gbá ìdí ara rẹ̀, á sì fọ́ bíárìn lẹ́yìn tírákítọ̀. Àtúnṣe yẹn lówó lórí ju ọ̀pá lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára rẹ̀, PTO ní píparẹ́, kí ẹ wa tírákítọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́tùn-ún àti sósì títí yóò fi ṣẹ́ dópin, kí ẹ wò ó bí àmì náà ṣe ń sún. Bí ẹ bá ti ti ọ̀pá wọlé tí ẹ gbọ́ ìró kàn, ẹ tún fà á sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Ìró nìkan kò tó.

Kíkó ẹrù àti fífọ́n

Láti iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o bọ̀ wá sẹ́yìn, kí ó má ga ju ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ má fi ẹrù tì mọ́ ọ̀pá eléyín. Ẹ fi àyè ìṣísẹ̀ kan sílẹ̀ kí ó lè kọ́kọ́ yí fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí lébìrà kankan jókòó lórí ẹrù tàbí lórí irin ìfà, ì báà ṣe nítorí pé oko jìnnà. Lójú títì, ẹ pa PTO, ẹ fi tápólì bo ẹrù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Bí ẹrù ṣe ń lọ sẹ́yìn tí iwájú àpótí ń ṣófo, ìwúwo rẹ̀ ń kúrò lórí irin ìfà, ó ń gbé ìdí tírákítọ̀ sókè, táyà kò sì ní gbá ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti apá Ìdànrè, ibẹ̀ ni tírákítọ̀ ti ń yọ̀. Ẹ fi gíà kékeré sọ̀ kalẹ̀ ní tààrà, ẹ má wà á ní ìbú òkè, ẹ má sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lójú ìsọ̀kalẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín mítà 30, torí òkúta tó bá bọ́ sí eyín ẹ̀rọ ń fò bí ìbọn. Ẹ tan PTO nígbà tí ẹ́ńjìnì ń rọra ṣiṣẹ́, ẹ mú un dé àmì 540 lójú mítà, ẹ wá jẹ́ kí ṣéènì ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kí ẹ sì gbéra. Tí ẹ bá dé ìpẹ̀kun oko, ẹ dá ṣéènì dúró, ẹ pa PTO, ẹ yí, ẹ tún tan án. Ẹni tó ń yí pẹ̀lú PTO ní títàn ló ń pa ọ̀pá rẹ̀.

Láti mọ bó ṣe ń jáde tó, ẹ tẹ́ tápólì tó jẹ́ mítà 2 sí mítà 2 sí ojú ọ̀nà ẹ̀rọ, ẹ wà á kọjá, ẹ gbé ohun tó bọ́ sórí rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Kílò kọ̀ọ̀kan dúró fún tọ́ọ̀nù 2.5 fún hẹ́kítà kan. Kílò 2 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 5, ìyẹn sì tó fún àgbàdo pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín ìyára ṣéènì kù tàbí kí ẹ lo gíà tó yára díẹ̀ sí i, kí PTO ṣì wà ní 540. Ẹ fi ìgbésẹ̀ 30 sílẹ̀ sí etí odò àti kànga, bó jẹ́ Ọ̀wẹnà, bó jẹ́ Àlà. Ẹ kọ ilẹ̀ bò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí agbára rẹ̀ má baà fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má sì fọ́n ọn lọ́jọ́ tí òjò ti ṣú.

Bí ẹ̀rọ bá há

Ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí. Bí ẹ̀rọ bá ti há, ohun tó ń wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn ni pé: "Ó kù díẹ̀ péré, kí n kàn fi ẹsẹ̀ tì í." Lébìrà á gorí àpótí, dírẹ́bà á jókòó sórí tírákítọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń dún, á ní òun ti pa PTO. Bí okùn àpò tó wé mọ́ ọn bá já, ọ̀pá eléyín á yí lójijì, kódà tí PTO bá ti parẹ́, nítorí agbára tó ti há sínú ṣéènì àti ọ̀pá kò tíì tú jáde.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ dá ṣéènì dúró, ẹ pa PTO, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, àpò ẹni tó fẹ́ lọ fi ọwọ́ kàn án ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe àpò dírẹ́bà, kì í ṣe orí ìjókòó. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni tírákítọ̀ gbọ́dọ̀ ní lóko. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ àgbà tó wà lọ́dọ̀ wa kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, wáyà méjì ni wọ́n ń fi kanra wọn. Irú èyí, ẹ yọ orí bátìrì kan kúrò pátápátá. Ẹ dúró kí ohun gbogbo tó ń yí dákẹ́, kí ẹ wò ó pẹ̀lú ojú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀pá PTO kúrò lẹ́yìn tírákítọ̀. Ó gba àkókò, mo mọ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ ní kí wẹ́dà fi irin 12 mm ṣe ìkọ́ gígùn kan fún yín, tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, kí orí rẹ̀ mú díẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sínú àpótí, ẹ fi ọ̀bẹ gé àpò tó wé, ẹ fi ìkọ́ fà á. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o jáde láti òkè kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá eléyín.

Bọ́ọ̀tì kan wà lórí ọ̀pá tí wọ́n ṣe kó lè já nígbà tí ẹ̀rọ bá há, kí ó lè gba gíábọ́ọ̀sì là. Ṣíà bọ́ọ̀tì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí ó bá já lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan á ní kò lágbára, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀tì líle dípò, tàbí kí wọ́n jó irin pọ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òkúta bá tún dé, eyín gíábọ́ọ̀sì ni yóò ṣẹ́. Nọ́ńbà tó wà lórí bọ́ọ̀tì àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́dọ̀ onípáàtì, ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ú lọ. Bí ó bá ń já lemọ́lemọ́, ohun kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ tó yẹ kí ẹ wá, kì í ṣe bọ́ọ̀tì.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an. Ìgbẹ́ adìyẹ máa ń jẹ irin. Èyí tó bá sùn lórí rẹ̀ títí di ọ̀la ti ń jẹ ẹ́. Ẹ gbá a kí ẹ tó da omi sí i, ẹ má sì fi omi alágbára tọ ojú bíárìn. Tí ó bá gbẹ, ẹ fi òìlì tuntun díẹ̀ pa ṣéènì. Òìlì tí wọ́n ti lò tán lẹ́ńjìnì, orí férémù ìta nìkan ni kí ẹ fi í sí, kí ó má baà bá ajílẹ̀ wọ ilẹ̀ oko.

Ẹ fi gíríìsì sí gbogbo ẹnu rẹ̀ títí tí èyí tó mọ́ yóò fi yọ. Ẹ nu ẹnu náà kí ẹ tó so gíríìsì gọ́ọ̀nù, torí iyanrìn tó bá bá a wọlé ló ń pa bíárìn. Ẹ wo òìlì gíábọ́ọ̀sì: gíà òìlì 90 ló sábà máa ń lò, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ wá ibi tó gbà wọlé kí ẹ tó da òmíràn sí i. Ṣéènì ìsàlẹ̀ ní bọ́ọ̀tì méjì tí wọ́n fi ń fà á, ẹ yí wọn lọ́gbọọgba. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá le ju èkejì lọ, irin ìdábùú tó wà lára ṣéènì náà á ṣẹ́. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí fọgánáísà fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji ní òfìfo, ẹ fi igi há táyà, kí pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ jáàkì. Ẹ yọ ọ̀pá PTO kúrò kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, ẹ sì fi ṣíà bọ́ọ̀tì mẹ́rin sínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ ìjókòó tírákítọ̀, nítorí ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló sábà máa ń já, nígbà tí onípáàtì ti ti ṣọ́ọ̀bù.