Fódà Tí Àlejò Ń Wọ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Windows, Mac àti Linux

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú. Mac ni ẹni tó ń ṣe dísáìnì ń lò, Windows ni akọ̀wé ń lò, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí wọ́n fi Ubuntu (irú Linux kan) àti Samba (ètò tó ń jẹ́ kí Windows àti Mac lè ṣí fódà orí Linux) sí ló sì ń tọ́jú fáìlì iṣẹ́. Wọ́n ṣí fódà orí Ubuntu náà sílẹ̀ fún àlejò, kí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́ láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù. Kò sí wàhálà, àfi ìgbà tí wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń lo Windows 11 Pro. Mac ń wọlé, láptọ́ọ̀pù tuntun kò wọlé. Kíá ni wọ́n ti kọjú sí Ubuntu, tí wọ́n ń tú ohun tí kò bàjẹ́.

Windows ló ti ilẹ̀kùn. Láti 2017, nígbà tí Windows 10 ẹ̀dà 1709 jáde, ni Microsoft ti ń kọ àlejò lórí Enterprise àti Education, ìyẹn irú Windows tí iléeṣẹ́ ńlá àti iléèwé ń lò. Windows 11 24H2 tó jáde ní 2024 wá fi Pro kún un. Lórí Pro, Enterprise àti Education, ẹ̀dà yìí tún ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti irú fódà bẹ́ẹ̀ ní ìbuwọ́lù, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà lójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù yẹn kò lè wà láìsí pásíwọ́ọ̀dù, àlejò kò sì ní. Nítorí náà, ẹni tó bá tan AllowInsecureGuestAuth (ètò inú Windows tó ń gba àlejò láyè) nìkan lè rí i pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Ìmọ̀ràn tó burú jù tí ẹ máa gbọ́ ni pé kí ẹ dá SMB1 padà, ìyẹn ẹ̀dà àtijọ́ SMB, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ má dán an wò. Ihò tó wà nínú SMB1 ni WannaCry, ètò aṣebi tó ń ti fáìlì pa láti gba owó, gbà tàn ká ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Samba fúnra rẹ̀ ti pa á láti ẹ̀dà 4.11, ẹ sì lè fi ara yín wewu lásán.

Chmod 777, àṣẹ Linux tó ń ṣí fódà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà àti láti yí padà, ló tẹ̀ lé e. Ó máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló fi léwu. Fáìlì tí àlejò bá gbé síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti nobody (orúkọ tí Linux ń lò fún ẹni tí kò ní orúkọ), ẹnikẹ́ni sì lè pa á rẹ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà bá pòórá, ta lẹ fẹ́ bi? Tí àwọn oníbàárà bá tún ń lo Wi-Fi kan náà pẹ̀lú yín, àlejò làwọn náà.

Nínú smb.conf, fáìlì tí ètò Samba wà, ẹ ṣọ́ra fún map to guest, ìlà tó ń sọ ìgbà tí Samba máa ka ẹnì kan sí àlejò. Tí ẹ bá kọ Bad Password síbẹ̀, ẹni tó ṣi pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀ á wọlé bí àlejò, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un. Á máa bínú pé òun ń rí fódà ṣùgbọ́n òun kò lè fi fáìlì sí i. Bad User, tó ń ka kìkì ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú Samba sí àlejò, ló sàn, àmọ́ òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Orúkọ tí ẹ fi wọ Windows ni Windows kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́. Tí orúkọ náà bá ti wà nínú Samba, tí pásíwọ́ọ̀dù kò sì bára mu, Samba ò ní kà yín sí àlejò; ó máa lé yín ni. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kan fi ń wọlé tí èkejì rẹ̀ kò wọlé.

Lójú tèmi, ẹ pa àlejò tì, kí ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́. Àṣìṣe wà níbí náà: pásíwọ́ọ̀dù Ubuntu kọ́ ni ti Samba, àfi kí ẹ lo àṣẹ smbpasswd -a láti fi orúkọ náà sínú Samba. Tó bá jẹ́ pé orí Windows ni fódà wà, PIN tí ẹ fi ń ṣí i kò wúlò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pásíwọ́ọ̀dù gan-an ló ń béèrè. Windows kì í sì í gba orúkọ méjì pọ̀ sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fódà) kan náà, ẹ kọ́kọ́ fi net use * /delete gé èyí tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fi orúkọ tuntun wọlé. Lórí Mac, ẹ tẹ Command àti K nínú Finder, ẹ kọ smb:// àti àdírẹ́sì Ubuntu náà, kí ẹ sì yan Registered User dípò Guest.